Bí Kí-ló-fà-á Ṣe Kọ́ Ọkọ̀ Wíwà

Nígbà tí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ fojú kàn án, ńṣe ló nà gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀, okùn bàtà rẹ̀ méjèèjì tú, ó sì ń wo ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀ ti gba eruku láti ọrùn dé ìdí. Awò ojú rẹ̀ ti wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ṣé nǹkan yín bọ́ sábẹ́ ibẹ̀ ni?" ọmọbìnrin náà béèrè.

"Rárá o," ọkùnrin náà dáhùn láìgbórí sókè. "Mo kàn ń rò ó ni. Tí ọkọ̀ yìí bá ń sáré, ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ gan-an yìí, ṣé òun náà ń sáré ni, àbí ó dúró?"

Ọmọbìnrin náà wo táyà, ó wo ọkùnrin náà. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà nílé ẹ̀kọ́ bàbá rẹ̀, wọ́n ti bi í pé níbo ni bíréèkì wà, wọ́n ti bi í pé ṣé ó ti lọ́kọ, àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó bi í nírú èyí.

"Ṣé ẹ̀yin ni akẹ́kọ̀ọ́ tuntun?"

"Èmi ni."

"Ẹ dìde, kí ẹ so okùn bàtà yín. Tí okùn bàtà bá há mọ́ bíréèkì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá sọ fún wa bóyá táyà dúró tàbí kò dúró."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lára, ó sì ga débi pé ọmọbìnrin náà ní láti gbé ojú sókè kó tó rí ẹ̀rín náà tán. Ẹ̀rín tó dùn ún wò ni. Ó yára wo ibòmíràn.

Ọmọ yunifásítì ni ọkùnrin yìí. Ó ti gboyè àkọ́kọ́, ó ti gba ìkejì, ó wá ń ṣiṣẹ́ lórí oyè ọ̀mọ̀wé ní ẹ̀ka físíìsì, ní apá ibi tí wọn kì í ti í lo ẹ̀rọ kankan, tó jẹ́ pé bébà, ṣọ́ọ̀kì àti ìrònú ni gbogbo iṣẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Kí-ló-fà-á. Tí wọ́n bá ní ayé bẹ̀rẹ̀ láti inú nǹkan kékeré kan tó gbóná janjan, á ní kí ló wà ṣáájú ìyẹn. Tí wọ́n bá ní kò sí "ṣáájú" níbẹ̀, á ní ta ló yọ ọ́ kúrò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀, obìnrin àgbà kan tí orí rẹ̀ ti funfun, ló ní kó lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń lọ bá àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ jíròrò lórí òkè lẹ́yìn ìlú, ọkọ̀ màmá yìí ni ọmọ náà sì máa ń bá lọ. Kò sí ìgbà tí wọ́n lọ tí ìbéèrè rẹ̀ kì í mú kí màmá kọjá ibi tó yẹ kó yà sí. "Lọ kọ́ ọkọ̀," màmá sọ fún un. "Fún wákàtí kan lójúmọ́, kí ẹlòmíràn máa bá mi gbọ́ ọ."

Ẹlòmíràn náà ni ọmọbìnrin yìí. Àǹtí Bíréèkì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde jù lójúmọ́ nìyẹn, ó sì ní bíréèkì tirẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ níbi tó ń jókòó sí. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, adúmáadán, tí kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì níbi tí ẹyọ kan bá ti tó. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ọ̀gá Àgbà, ló ni ilé ẹ̀kọ́ náà: ọgbà kékeré kan lẹ́yìn ilé epo, ọkọ̀ mẹ́ta tí wọ́n kọ "AKẸ́KỌ̀Ọ́" sí lórí, ọ́fíìsì kan tí fáànù rẹ̀ máa ń yí nígbà tó bá wù ú. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Àwọn méjèèjì ló kù nílé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbéra, wọn ò tíì rìn jìnnà tí Kí-ló-fà-á ti nawọ́ síwájú.

"Àǹtí, ẹ wo igi yẹn. Ó ń bọ̀ wá bá wa."

"Àwa là ń lọ bá a. Ẹ yà fún un."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀? Tí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ tí kò ní fèrèsé, tó ń lọ geere láìgbọ̀n, láìdín eré kù, láìfi kún un, kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé ẹ̀ ń rìn. Ẹni tó wà ní ìdí igi á ní ọkọ̀ ló ń rìn, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á ní igi ni, kò sì sí ẹni tó parọ́ nínú—"

"Bíréèkì."

Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ tirẹ̀. Ọkọ̀ jó lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Iwájú ọkọ̀ àti igi ò jìn síra wọn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Ẹ wò ó," Àǹtí Bíréèkì sọ wọ́ọ́rọ́wọ́, "igi náà ti dúró."

Kí-ló-fà-á rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú láti nu omijé. Ó ti pẹ́ tí ọmọbìnrin náà ti ń dá àpárá bẹ́ẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rù ń bà débi tí wọn kì í gbọ́. Èyí ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́.

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Ọkùnrin náà ń kọ́ kílọ́ọ̀ṣì àti jíà, obìnrin náà ń kọ́ ohun tí kò sanwó láti kọ́. Ó gbọ́ pé ẹni tó bá ń sáré, àkókò tirẹ̀ máa ń falẹ̀ ju ti ẹni tó dúró lọ, pé wọ́n tiẹ̀ ti gbé aago sínú ọkọ̀ òfúrufú láti fi wò ó.

"Pẹ̀lú bí ẹ ṣe ń wakọ̀ yìí," ó dá a lóhùn, "ẹ máa darúgbó ká tó dé oríta."

Lọ́jọ́ míì, wọ́n dé ibi iná ojú títì, iná náà pọ́n, Kí-ló-fà-á bá yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò wo iwájú mọ́.

"Kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń ro ọ̀rọ̀ àwọn ohun tíntìntín tó wà nínú gbogbo nǹkan. Kí á tó wò wọ́n, wọn kì í tíì pinnu ipò tí wọ́n máa wà. Ó dà bíi pé wọ́n wà níhìn-ín, wọ́n wà lọ́hùn-ún. Ìgbà tá a bá wò wọ́n ni wọ́n ń mú ọ̀kan. Mo wá ní, tí mi ò bá wo iná yìí ńkọ́—"

"Ẹni tó wà lẹ́yìn wa ti bá yín wò ó. Ẹ gbọ́ họ́ọ̀nù rẹ̀."

Kò pẹ́ tí àwọn ìbéèrè náà fi ń bá a délé. Nígbà tí òun àti bàbá rẹ̀ ń jẹun, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé òfìfo kì í ṣe òfìfo? Ibi tá a rò pé kò sí nǹkan kan, nǹkan ń hó níbẹ̀ tí a ò rí."

Ọ̀gá Àgbà wo inú abọ́ rẹ̀. "Èyí ṣófo," ó ní. "Bù sí i."

Àmọ́ ó wo ọmọ rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó ti pẹ́ tó ti rí i kó máa dá rẹ́rìn-ín níwájú oúnjẹ.

Ìdánwò ló wá dé, bẹ́ẹ̀ ni wàhálà dé. Ẹni tó ń dán àwọn awakọ̀ wò fún ìjọba ìlú jẹ́ ọkùnrin kan tí aṣọ rẹ̀ kì í hunjọ, tí bírò rẹ̀ kì í ṣá. Olùdánwò ni gbogbo ayé ń pè é. Ó ní kí Kí-ló-fà-á yà sí ọ̀tún. Kí-ló-fà-á ní ọ̀tún tòun ni àbí ọ̀tún ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Kó tó béèrè tán, wọ́n ti kọjá ibi tí wọn ì bá yà sí. Olùdánwò kọ "ó kùnà" sínú bébà rẹ̀ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́.

Nígbà kejì, ó wakọ̀ dáadáa dé òpin. Olùdánwò wá bi í ní ìbéèrè tó kẹ́yìn, pé kí nìdí tí awakọ̀ fi gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti ọkọ̀ iwájú. Kí-ló-fà-á bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí àyè fúnra rẹ̀ jẹ́. Ó ṣàlàyé bí ohun tó wúwo ṣe ń tẹ àyè kọrọdọ, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yà gba ibi tó tẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì júwe rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì tó ń lò yìí ni kò jẹ́ kó rántí fa bíréèkì ọwọ́. Ọkọ̀ rọra ń yọ́ lọ sẹ́yìn, ó ń yọ́ lọ, títí ó fi fìdí jókòó sórí garawa ìdọ̀tí ọ́fíìsì ìdánwò. Lákòókò kan náà, ó ń sọ pé kò sí ohun tó dúró gan-an láyé.

Ìtìjú bá Ọ̀gá Àgbà. Kò tíì sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó kùnà lẹ́ẹ̀mejì rí. Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé Olùdánwò ti wá bá a lọ́jọ́ kan, ó bọ́ fìlà, ó sì sọ pé òun fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, òun fẹ́ fi ṣaya.

Inú Ọ̀gá Àgbà dùn. "Ọkùnrin tó mọ òfin," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Mi ò rí i kó fi ọkọ̀ síbi tí kò yẹ rí."

Ọmọbìnrin náà ò rí nǹkan tí kò dáa sọ nípa Olùdánwò. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í gba rìbá, kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí ohun tí èèyàn lè torí ẹ̀ kọ̀ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì ń dà á láàmú. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun rò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ká òun àti Kí-ló-fà-á mọ́ ojú ọ̀nà. Òjò náà pọ̀ débi pé wáípà ò lè gbá a. Wọ́n páàkì sí iwájú ṣọ́ọ̀bù kan tó ti tì. Kí-ló-fà-á tẹjú mọ́ wáípà. Ó tẹjú mọ́ ọn títí ara fi fu ọmọbìnrin náà.

"Ẹ ò bi mí ní nǹkan kan látìgbà tá a ti wọ ọkọ̀."

"Mo ní ìbéèrè kan. Mi ò rò pé Ọ̀jọ̀gbọ́n lè dáhùn ẹ̀."

"Ẹ bi èmi."

Ó ń fọwọ́ pa sítẹ́rìn lórí. "Ìṣirò sọ pé ẹni tó bá ń sáré ni àkókò rẹ̀ ń yí padà. Àwa kì í sáré. Kẹ̀kẹ́ ń yà wá sílẹ̀. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé tí mo bá wà níhìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, wákàtí kan á kàn fò lọ, tí mo bá sì ti sọ̀ kalẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé ọjọ́ kejì ò ní dé mọ́?"

Ọmọbìnrin náà ń wo omi tó ń ṣàn lójú dígí. "Ìyẹn kì í ṣe físíìsì."

"Kí ni?"

"Wàá mọ̀ ọ́n."

Àwọn méjèèjì gbọ́ "wàá" yẹn. Gbogbo "ẹ" àti "yín" tí wọ́n ti ń tò síra wọn látọjọ́ yìí wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ṣé kí èmi náà máa pè ọ́ ní ìwọ?" Kí-ló-fà-á béèrè.

"O ti pè mí bẹ́ẹ̀ tán."

Ó gbé ọwọ́ lé jíà, ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e lórí. Ọkọ̀ wà ní fíríì, òjò ń rọ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kó o sí jíà kankan. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin náà ní, "Èémí wa ti bo dígí. Mí kéré." Kí-ló-fà-á ní òun ò lè ṣe é. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí òjò fi dá.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀kọ́ ọkọ̀ wá di nǹkan míì. "Ọkàn mi, wo dígí ẹ̀yìn," ọmọbìnrin náà á wí, ọkùnrin náà á wo ojú rẹ̀. "Adúmáadán, ṣé ká yà níbí?" ọkùnrin náà á béèrè, òun á sì ní kó máa lọ síwájú, kí ọ̀nà lè gùn. Epo tí ọkọ̀ náà ń jẹ wá ń ya Ọ̀gá Àgbà lẹ́nu.

Ọ̀gá Àgbà sì ń retí èsì. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ò lè fi Olùdánwò sórí ìdúró mọ́, lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ òun máa dá a lóhùn. Ọmọbìnrin náà ò jẹ́ kó pẹ́. Bí ó ṣe jókòó sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n dúró sábẹ́ ibòji kan, ló sọ fún Kí-ló-fà-á.

"Ó yẹ kó o wá rí bàbá mi kó tó di ọjọ́ yẹn."

Ẹ̀rù ba Kí-ló-fà-á. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ síbẹ̀, kò nílé, kò lọ́kọ̀, ó ti kùnà nídànwò lẹ́ẹ̀mejì níwájú ọkùnrin tí wọ́n máa fi í wé. Tí ẹ̀rù bá sì ti bà á, inú físíìsì ló máa ń sá wọ̀.

"Ọkàn mi," ó ní, "ṣé o mọ̀ pé àwọn kan nínú wa gbà pé gbogbo ohun tó bá lè ṣẹlẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀? Ayé á kàn là sí méjì. Nínú ọ̀kan, wàá fẹ́ Olùdánwò. Nínú èkejì, wàá fẹ́ èmi. Kò sí èyí tó máa sọnù nínú méjèèjì."

Ọmọbìnrin náà yíjú sí i. "Èwo nínú wọn la jókòó sí báyìí?"

"Ìyẹn gan-an ni ìbéèrè tó le jù nínú—"

Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀.

"Ibo lò ń lọ?"

"Ayé kejì."

"Adúmáadán, mi ò ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Mi ò lè gbé ọkọ̀ yìí délé."

"Èyí tó ní ìwé àṣẹ nínú yín wà láyé kan níbì kan," ọmọbìnrin náà wí. "Pè é kó wá gbé e." Ó pa ilẹ̀kùn dé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, èyí tó burú ju kó gbá a lọ, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ láìwẹ̀yìn.

Ọ̀gá Àgbà ló wá gbé ọkọ̀ náà. Ó bá Kí-ló-fà-á níbi tó jókòó sí, bẹ́líìtì ṣì wà lára rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, Kí-ló-fà-á lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ́fíìsì, ó sì rò fún un. Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì.

"O sọ pé kò burú kó fẹ́ ẹlòmíràn, torí ayé pọ̀?"

"Mi ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mà. Mo ní tí a bá tẹ̀ lé ìṣirò náà dé ibi tó—"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe ìṣirò náà," màmá wí. "Ó lè jẹ́ òótọ́, ó lè má jẹ́ òótọ́. Àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó lọ jẹun láyé kejì kó padà wá sọ bó ṣe dùn tó. Ọmọbìnrin náà bi ọ́ bóyá wàá wá. Ìbéèrè yẹn ò le. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni."

Nílé ẹ̀kọ́ ọkọ̀, Àǹtí Bíréèkì ní òun ò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yẹn mọ́. Ó bá di ti Ọ̀gá Àgbà. Bàbá ti múra sílẹ̀ de ìbéèrè. Ó tiẹ̀ ti ki òwú bọ etí kan. Ṣùgbọ́n Kí-ló-fà-á ò la ẹnu. Ó so bẹ́líìtì, ó wo dígí, ó kó o sí jíà, ó ń lọ geere. Bí wọ́n bá ní kó yà, á yà. Bí iná bá pọ́n, á dúró, á sì tẹjú mọ́ ọn títí á fi yí padà.

Nígbà tí Ọ̀gá Àgbà délé, kò jókòó. "Ọmọ yẹn wakọ̀ bí ẹni pé èmi ni mò ń wà á," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Kò bi mí ní nǹkan kan. Ṣé ara ẹ̀ yá báyìí?"

Ọmọbìnrin náà ń fọ abọ́ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.  Lọ́jọ́ Àìkú, ó bẹ bàbá rẹ̀ pé kó fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan sí i.

Ọ̀sẹ̀ náà ń lọ sópin tí Ọ̀gá Àgbà fi ní kí Kí-ló-fà-á yà sí àdúgbò kan tí wọn kì í gbà tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tóóró ni, ilé alájà kan-kan ló wà níbẹ̀. Ó ní kó páàkì sí ìdojúkọ ilé kan tó ní géètì aláwọ̀ ewé.

"Ibí là ń gbé nígbà tí ìyá ọmọ mi wà láyé," bàbá wí. Ó yọ òwú létí. "Ọmọ mi sọ nǹkan kan fún mi tó ní ìwọ lo sọ ọ́. Ó ní ohun tó ti kọjá ò lọ síbì kankan. Ó ní ó wà níbi tó wà, bí ìlú tí a ti kọjá ṣe wà lẹ́yìn wa, tí a ò kàn rí i mọ́. Ṣé òótọ́ ni?"

Kí-ló-fà-á la ẹnu. Gbogbo àlàyé náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, èyí tó dùn jù wà níwájú. Ó wo ọwọ́ bàbá àgbà náà lórí eékún rẹ̀, òwú tó yọ létí ṣì wà nínú rẹ̀.

"Àwọn kan nínú wa gbà bẹ́ẹ̀, sà," ó ní. "Ìṣirò ò sì sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀. Tí mo bá sọ fún yín pé mo mọ̀, mo tàn yín jẹ ni."

"Ṣé ó wù ọ́ kó jẹ́ òótọ́?"

"Ó wù mí gan-an, sà."

Ọ̀gá Àgbà mi orí. Ó ń wo fèrèsé ilé náà. "Ibi yẹn ló máa ń dúró sí. Tí mo bá páàkì, á ní mo jìnnà sí etí títì jù. Èmi tí mò ń kọ́ gbogbo ìlú." Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Wọ́n ti sọ oríṣiríṣi fún mi látìgbà tó ti lọ. Gbogbo wọn ló mọ̀. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó sọ fún mi pé òun ò mọ̀, ó sì rọrùn fún mi ju tiwọn lọ."

Ó yí ojú kúrò lára fèrèsé náà.

"Kí ló wà láàárín ìwọ àti ọmọ mi?" bàbá béèrè.

Kí-ló-fà-á sọ gbogbo rẹ̀. Kò fi òjò sílẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ ayé méjì sílẹ̀.

"O sọ ìyẹn fún obìnrin?"

"Mo sọ ọ́, sà."

"Nínú ọkọ̀ mi?"

"Ẹ máa bínú, sà."

Ọ̀gá Àgbà mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi ló ní kí n má tíì dá Olùdánwò lóhùn. Mi ò mọ ohun tó ń dúró dè. Mo ti wá mọ̀ ọ́n, kò sì jọ mí lójú púpọ̀." Ó ti òwú padà sétí, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Kọ́kọ́ lọ yege ná. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ mi ò lè gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta."

Ọjọ́ ìdánwò pé, Olùdánwò wọlé sọ́kọ̀, ó fi bébà rẹ̀ lé orí itan. Kí-ló-fà-á yà síbi tó ní kó yà. Ó gun òkè, ó dúró lágbedeméjì, kò yọ́ padà. Ó fi rífáàsì wọ àárín ọkọ̀ méjì bí ẹni ti ọwọ́ bọ àpò. Nígbà tí wọ́n padà dé, ó fa bíréèkì ọwọ́, ó tún fà á lẹ́ẹ̀kejì.

Olùdánwò ò sọ̀ kalẹ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ pé mo tọrọ ọmọ Ọ̀gá Àgbà?"

"Mo mọ̀, sà."

"Mo ti gbọ́ nípa tiyín náà. Mi ò ní purọ́, ó wù mí kí ẹ kùnà lónìí. Mo wá àṣìṣe títí, mi ò rí." Ó kọ "ó yege", ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú rúlà kékeré kan tó yọ lápò. "Bàbá rẹ̀ ni mo bá sọ̀rọ̀. Mi ò bi òun fúnra rẹ̀ rí. Mo ń dán àwọn èèyàn wò lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá rí i, ẹnu mi ń gbẹ. Ṣé ẹ̀yin ti bi í?"

"Rárá, sà."

"Ẹ lọ bi í." Ó ṣí ilẹ̀kùn. "Ẹ má kọjá ìwọ̀n eré tí òfin gbà o."

Kí-ló-fà-á ò kọjá rẹ̀, bó tilẹ̀ wù ú. Ó bá Àǹtí Bíréèkì nínú ọgbà, níbi tó ti ń fi ọ̀dà pupa kun àmì ojú ọ̀nà lára pátákó. Ọ̀dà ta sí i nímú. Kò yíjú padà.

"Mo yege," ọkùnrin náà wí.

"Mo gbọ́ bó o ṣe páàkì. Mo ti mọ̀."

"Mo wá bẹ̀ ọ́. Ẹ̀rù ló bà mí lọ́jọ́ yẹn, mo wá fi ìṣirò bo ojú. Mi ò mọ iye ayé tó wà. Èyí tí mo wà yìí nìkan ni mo mọ̀, mi ò sì fẹ́ wà nínú rẹ̀ láìsí ọ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ọmọbìnrin náà fi búrọ́ọ̀ṣì sínú agolo. "Èmi náà ní ìbéèrè."

"Bi mí."

"Ilé ẹ̀kọ́ bàbá mi ńkọ́? Mi ò ní fi sílẹ̀."

"Mi ò ní kó o fi sílẹ̀. Yunifásítì ò jìnnà sí i."

"Tí ìbéèrè bá ń dùn ọ́ nínú nígbà tí mo bá ń sùn?"

"Màá jí ọ."

Ọmọbìnrin náà wò ó.

"Màá dúró kí ilẹ̀ mọ́," ọkùnrin náà yára tún un sọ.

"Tí ẹ̀rù bá tún bà ọ́ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà sún mọ́ ọn. "Màá sọ fún ọ pé ẹ̀rù ń bà mí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni màá ṣe sọ ọ́. Mi ò ní gbé e gba ibòmíràn."

Ọmọbìnrin náà nu ọwọ́ mọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, kò mọ́ tán. Ó fi ọwọ́ náà di ojú ọkùnrin náà mú, ọ̀dà pupa sì lẹ̀ mọ́ ọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. "Mo gbà," ó ní. "Mo ti gbà tipẹ́. O pẹ́ kó o tó béèrè ni."

Wọ́n gbọ́ tí fèrèsé ọ́fíìsì rọra padé. Ọ̀gá Àgbà ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ bó ṣe ń fun imú.

Ìgbéyàwó wọn ò pariwo. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá, ó sunkún díẹ̀. Olùdánwò náà wá, ó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ tí kò hunjọ, ó sì bọ tọkọtaya náà lọ́wọ́ tọkàntọkàn. Lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ síwèé tán, Ọ̀gá Àgbà gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kan lé ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n lè lọ sinmi nílùú míì. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn ní kí wọ́n máa wá sọ́dọ̀ òun lọ́jọ́ Àìkú, torí òun náà ti ní ìbéèrè díẹ̀ tí òun ń kó jọ.

Ọ̀nà náà jìn, oòrùn rọlẹ̀ pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀ sórí pápá ní òsì àti ọ̀tún. Ìyàwó ń wo dígí, ó ń wo jíà, ó ń fi ẹsẹ̀ wá bíréèkì tí kò sí lábẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí. Láti ìgbà tó ti dàgbà, kò sùn rí nínú ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ń wà, kódà ti bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti kọjá afárá, orí rẹ̀ rọra fara ti èjìká ọkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dẹ̀. Ó sùn lọ.

Òkè kan wà níwájú lọ́hùn-ún, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ wà lórí rẹ̀ lọ́nà tí Kí-ló-fà-á ò rí irú ẹ̀ rí, ó sì wù ú kó béèrè ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó dín eré kù díẹ̀ kí ọkọ̀ má baà gbọ̀n, ó sì ń wà á lọ ní jẹ́jẹ́.